Apá Ọmọ Ti Yọ Kí Ìyá Tó Mọ̀ Pé Òun Lóyún

Ní nǹkan bí ọjọ́ 26 lẹ́yìn tí oyún bá dúró, èéhù kékeré méjì á yọ ní ẹ̀gbẹ́ ọlẹ̀, ìyẹn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá nínú. Apá nìyẹn. Bí ọjọ́ kan tàbí méjì bá tún kọjá, ti ẹsẹ̀ á yọ tẹ̀ lé e. Gbogbo ọlẹ̀ náà kò tíì gùn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ 56, ìgúnpá ti wà, ọrùn ọwọ́ ti wà, orúnkún ti wà, awọ tó so àwọn ìka pọ̀ ti já, ìka ogún ti dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Dídàgbà ló kù. Iṣẹ́ oṣù kan péré ni, ohunkóhun tó bá sì máa da apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ rú láti ìpìlẹ̀, inú oṣù yẹn ló ti sábà máa ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ọjọ́ wọ̀nyí bí obìnrin ṣe ń ka tirẹ̀. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá ní ọjọ́ 28 síra, oyún rẹ̀ máa ń dúró ní nǹkan bí ọjọ́ 14 lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 26 ti ọlẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 40 ti ìyá. Nǹkan oṣù rẹ̀ fi ọjọ́ 12 pẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni ọjọ́ 12 ń dẹ́rù bà? Obìnrin tó ń pàtẹ ní ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, tàbí tó ń kó ẹrù láti Kétu lọ sí Ìlárá lẹ́nu ibodè, á ní wàhálà ọ̀nà ló fà á. Èébì tó ń gbé e, ó ní ibà ni. Orí tó ń fọ́ ọ, ó ní oòrùn ni. Á ra oògùn, á gbé e mì, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí tó tilẹ̀ fura kò ní sọ, nítorí a kì í pariwo oyún tí kò tíì yọ nílẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ni kì í dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí láti gba ìwé carnet àyàfi ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ọlẹ̀ ti ní ìka tán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìbéèrè tí gbogbo wa jogún, "Ṣé o lóyún?", kò lè dáàbò bo apá ọmọ. Obìnrin á dáhùn "rárá" tọkàntọkàn, ìdáhùn náà kò sì ní rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó ń ṣiṣẹ́ ni "Ọjọ́ wo ni nǹkan oṣù rẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn?" Bí ó bá ti ju ọjọ́ 28 lọ, tàbí bí kò bá rántí, kí a yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò kí oògùn tó lè ba ọlẹ̀ jẹ́ tó jáde nínú páálí. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló dára jù fún àyẹ̀wò yìí. Bí ó bá fi hàn pé kò sí oyún, tí nǹkan oṣù kò sì wá, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí oyún tó dúró pẹ́ lè má tíì hàn nígbà àkọ́kọ́.

Oògùn kan tó ń jẹ́ thalidomide ló fi ohun tí ọjọ́ díẹ̀ lè ṣe han ayé. Ilé iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ló gbé e jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1957, wọ́n pè é ní Contergan. Oògùn oorun ni. Wọ́n tà á láìsí ìwé dókítà, wọ́n sì polówó rẹ̀ pé kò léwu, pé ẹni tó bá tilẹ̀ lò ó jù kò ní kú. Àwọn aboyún tí èébì ń dà láàmú fẹ́ràn rẹ̀. Ó tàn ká orílẹ̀-èdè tó lé ní 40. Lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí rí ọmọ tí ọwọ́ wọn so mọ́ èjìká láìsí apá láàárín. Ní ọdún 1961, Widukind Lenz ní Hamburg àti William McBride ní Sydney, tí ẹnì kan kò mọ ohun tí èkejì ń ṣe, tọ́ka sí oògùn kan náà. Kí oṣù kọkànlá ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti kó o kúrò lọ́jà ní Jámánì. Àwọn ọmọ tó ṣe ní jàǹbá lé ní 10,000. Ní Amẹ́ríkà, Frances Kelsey, obìnrin tó ń yẹ ìwé oògùn wò fún ìjọba, kọ̀ láti fọwọ́ sí i nítorí pé ẹ̀rí tí wọ́n kó wá kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu títí, kò yí padà. Lọ́dún 1962, Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé oògùn ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó tà á.

Nígbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjọ́ tí wọ́n gbé oògùn náà mì, àpẹẹrẹ kan jáde tó bani lẹ́rù. Tí a bá kà á láti ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù ìkẹyìn, ẹni tó lò ó ní nǹkan bí ọjọ́ 35 sí 38, etí ọmọ ló bàjẹ́. Láti nǹkan bí ọjọ́ 39 sí 44, apá ni. Láti nǹkan bí ọjọ́ 42 sí 48, ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ títí ọjọ́ 50 fi kọjá dáadáa, ọmọ rẹ̀ sábà máa ń jáde pẹ̀lú apá àti ẹsẹ̀ pípé, bí ó tilẹ̀ lò ó títí dé ọjọ́ ìbí. Bí amọ̀ bá ti gbẹ, ìka kò tún lè tẹ̀ ẹ́. Hóró kan ṣoṣo ní ọjọ́ tó burú ti tó.

Eku ni wọ́n fi dán an wò, kò sì ṣe eku ní nǹkan kan. Ìdáhùn sí ìyẹn pẹ́ kó tó dé. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní Japan rí i pé thalidomide máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì kan tó ń jẹ́ cereblon. Ní 2018 ni àwọn onímọ̀ mìíràn tún rí i pé èyí máa ń mú kí ara ọlẹ̀ jó SALL4 dànù, purotéènì tí apá àti ẹsẹ̀ nílò láti yọ. Cereblon àti SALL4 ti eku yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ènìyàn, ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló sì bo ewu náà mọ́lẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun fún ewúrẹ́ tó lóyún ní oògùn kan tí kò sì ṣe é ní nǹkan kan, ìyẹn kò tó ẹ̀rí.

Oògùn náà kò kú. Wọ́n ṣì ń lò ó fún jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun, àti fún ìgbóná ara àti kókó tó máa ń ru sókè lára ẹni tó ní ẹ̀tẹ̀. Ní Brasil, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ ní thalidomide, wọ́n tún rí àwọn ọmọ tí apá wọn kúrú lẹ́yìn ìgbà tí gbogbo ayé rò pé ọ̀rọ̀ náà ti di ìtàn. Ẹnì kan gba oògùn, ará ilé mìíràn lò ó. Àwòrán aboyún tí wọ́n fi ìlà dábùú wà lára páálí, ṣùgbọ́n àwọn kan rò pé oògùn tó ń ṣẹ́ oyún ni àwòrán náà ń polówó. Ẹ̀kọ́ yìí kàn wá gan-an. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2017, ọ̀pọ̀ páálí oògùn tó ń ti Faransé wá máa ń ní àmì aboyún: onígun mẹ́ta pupa túmọ̀ sí ewu, òbìrípo pupa tí ìlà dábùú túmọ̀ sí èèwọ̀ pátápátá. Ilé oògùn ní Àjàṣẹ́ ń ta irú páálí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fún obìnrin ní oògùn tó ní àmì yìí, kó fi ẹnu ṣàlàyé rẹ̀, kó sì ní kí obìnrin náà sọ ohun tó gbọ́ padà fún òun.

Kí n tó kan àwọn oògùn mìíràn, ó yẹ kí n dáàbò bo àwọn ìyá. Nínú 100 ọmọ tí a bá bí níbikíbi láyé, bíi méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń ní àléébù ńlá kan lára, ìyá ì báà lo oògùn, ì báà má lò. Díẹ̀ péré nínú àléébù wọ̀nyí ni oògùn ń fà. Olúgbódi, ọmọ tó bá ìka mẹ́fà wá, ìdílé ló sábà ti ń wá. Ẹ wo ọwọ́ bàbá àti ìyá àgbà, ẹ lè rí àpá ibi tí tiwọn wà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara àpò omi inú ilé ọmọ lè já, kó wé mọ́ ìka tàbí ẹsẹ̀, kó sì gé e láìsí oògùn kankan níbẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà tí a kò kápá kí oyún tó dúró lè mú kí egungun ìdí tàbí itan ọmọ má dàgbà tán. Àìlo oògùn ló ń ṣe ti ìyẹn, insulin kì í ṣe ọlẹ̀ ní ibi. Apá tó rọ̀ jọwọrọ lẹ́yìn ìrọbí tó le, iṣan ọrùn ló nà nígbà ìbí. Ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ quinine ní ìdí, abẹ́rẹ́ ló kan iṣan ńlá. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, a kì í rí ohun tó fà á rárá. Kí ẹbí má dá obìnrin lẹ́bi nítorí hóró paracetamol, kí wọ́n má sì pè é ní àjẹ́.

Nínú àwọn oògùn tí a ń rí lọ́wọ́ àwọn obìnrin ní agbègbè wa, èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni valproate, oògùn wárápá. Dépakine ló ń jẹ́ lára páálí Faransé, Epilim ló ń jẹ́ lára èyí tó ń gba ibodè Nàìjíríà wọlé. Tí ìyá bá ń lò ó nígbà tí ọlẹ̀ ń yọ ẹ̀yà ara, bíi ọmọ 10 nínú 100 ló máa ní àléébù ńlá: ọ̀pá ẹ̀yìn tí kò pa dé, ètè tó là, ọkàn tí kò pé, egungun apá níhà àtàǹpàkò tí kò sí tàbí tó kúrú. Bíi mẹ́ta sí mẹ́rin nínú 10 ni ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ẹ̀kọ́ máa ń ṣòro fún bí wọ́n ti ń dàgbà, èyí sì lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Bí ìwọ̀n oògùn bá ṣe pọ̀ tó ni ewu ń pọ̀ tó. Phenytoin, tí a tún mọ̀ sí Di-Hydan, máa ń mú kí ṣónṣó ìka kéré, kí èékánná má fẹ́rẹ̀ẹ́ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe já oògùn wárápá gbà lọ́wọ́ obìnrin lójijì. Gìrì tó bá ń gun ara wọn lè pa ìyá àti ọmọ lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó bá sì ṣubú sórí ààrò kò ní dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ àléébù. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a ti ronú ṣáájú oyún ní oṣù púpọ̀. Dókítà á fi lamotrigine tàbí levetiracetam rọ́pò valproate díẹ̀díẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, á sì fún un ní acide folique, irú fítámì kan, 5 miligíráàmù lójúmọ́ láti oṣù kan kí oyún tó dúró títí di òpin ọ̀sẹ̀ 12. Níbi tí phenobarbital tàbí carbamazepine nìkan bá wà, ẹyọ oògùn kan ní ìwọ̀n tó kéré jù tó lè kápá gìrì sàn ju méjì papọ̀ lọ. Ohun kan wà tí a kì í sọ tó: phenobarbital, carbamazepine àti phenytoin máa ń sọ hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí di aláìlágbára, àti igi tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá pẹ̀lú. Obìnrin náà gbọ́kàn lé e pé òun wà lábẹ́ ààbò, oyún á sì dúró láìmọ̀ sórí oògùn wárápá. Ìfètò tí wọ́n ń fi bàbà ṣe sínú ilé ọmọ, tàbí abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta, ló bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ mu.

Misoprostol, tó tún ń jẹ́ Cytotec, oògùn tí àwọn kan fi ń ṣẹ́ oyún, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní ìkọ̀kọ̀ ni, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní gbangba. Ó máa ń fún ilé ọmọ pọ̀. Bí oyún kò bá bọ́, ìfúnpọ̀ náà lè dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ṣónṣó apá àti ẹsẹ̀ ọlẹ̀ kù, ọmọ á sì wá láìní ìka, tàbí pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ká sínú, tàbí pẹ̀lú ojú tí kò lè rẹ́rìn-ín nítorí iṣan ojú ti kú. Ní Brasil ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọ̀pọ̀ wọn. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jùlọ a máa wá ní pípé, ṣùgbọ́n obìnrin tó ti lò ó tí oyún sì wà síbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ fún agbẹ̀bí láìbẹ̀rù, kí wọ́n lè fi échographie, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú, wo ọmọ fínnífínní. Láti ọdún 2021, òfin Benin ti fi àyè gba obìnrin láti lọ sílé ìwòsàn fún ìṣẹ́yún títí dé ọ̀sẹ̀ 12 nígbà tí ìṣòro tí òfin kà sílẹ̀ bá wà. Agbẹ̀bí tó bá bú u mọ́ ẹnu ọ̀nà ló ń dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbé oògùn kiri lórí àtẹ.

Methotrexate, tí wọ́n ń fún àwọn tí oríkèé ń dùn, máa ń mú kí egungun apá àti ẹsẹ̀ kúrú, ó sì ń ba agbárí jẹ́. Kí dókítà dá a dúró ní oṣù bíi mélòó kan kí ẹni náà tó gbìyànjú oyún. Warfarin, fún àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀kùn ọkàn wọn, máa ń ṣe imú àti egungun láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Streptomycin kì í ba apá jẹ́, etí ni ó ń pa. Ẹ̀yin ará Kétu àti Pọ́bẹ̀ ní ìdí láti mọ ìyẹn, nítorí abẹ́rẹ́ streptomycin ni wọ́n fi ń tọ́jú egbò Buruli tẹ́lẹ̀, kí rifampicin pẹ̀lú clarithromycin oníhóró, tí wọ́n ń lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tó rọ́pò rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé lẹ́yìn oṣù kẹta gbogbo ilẹ̀kùn ti tì. Captopril, enalapril àti lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tí a bá ń lò wọ́n láti oṣù kẹrin lọ, máa ń dá kíndìnrín ọmọ dúró. Ìtọ̀ ọmọ ló di omi tó wà yí i ká. Bí ìtọ̀ bá tán, omi á gbẹ, ilé ọmọ á fún ọmọ mọ́lẹ̀, oríkèé rẹ̀ á le. Apá tó yọ dáadáa ni wọ́n tún wá ká mọ́ra. Methyldopa, tó ń jẹ́ Aldomet, tàbí nifedipine ni wọ́n fi ń rọ́pò wọn. Ibuprofen àti diclofenac náà, pẹ̀lú aspirin tó pọ̀ bíi ti Alábùkún, kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu aboyún láti oṣù kẹfà, mo tilẹ̀ fara mọ́ àwọn tó ní kí a dá wọn dúró láti ọ̀sẹ̀ 20: wọ́n ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan nítòsí ọkàn ọmọ, wọ́n sì ń gbẹ omi kan náà. Aspirin kékeré tí dókítà kọ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yàtọ̀ sí èyí, ẹ má dá a dúró. Fún orí fífọ́ àti ara gbígbóná, paracetamol ni: hóró kan sí méjì ti 500, wákàtí mẹ́fà síra, kó má ju hóró mẹ́fà lọ lójúmọ́ bí kò bá sí àṣẹ dókítà.

Ibà kò ṣeé fi ṣeré. Ó ń pa aboyún ju bí oògùn rẹ̀ ṣe ń pa ọmọ lára lọ. Láti ìparí ọdún 2022, àjọ ìlera àgbáyé, OMS, ti gbà kí a lo artemether-lumefantrine ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pàápàá. Hóró mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta, 24 ni gbogbo rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ní wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn àkọ́kọ́. Kí ó jẹ oúnjẹ tó lọ́ràá díẹ̀ mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oògùn náà kò ní wọ ẹ̀jẹ̀ tó. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ara á tu ní ọjọ́ kejì, a ó sì fi èyí tó kù pamọ́ fún ọmọ. Sulfadoxine-pyrimethamine, tí wọ́n ń pè ní SP, ti ìdènà ni: kò bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ 13 tó pé, nítorí ó ń bá acide folique jà. Hóró mẹ́ta papọ̀, lójú agbẹ̀bí, oṣù kan síra ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí obìnrin bá ń lo acide folique 5 miligíráàmù pẹ̀lú rẹ̀, SP kò ní lágbára mọ́, 0.4 miligíráàmù tó wà nínú hóró ẹ̀jẹ̀ kì í dí i lọ́wọ́. Ẹni tó ń lo cotrimoxazole nítorí VIH, kòkòrò éèdì, kì í gba SP mọ́ ọn rárá.

Ibodè wa fi ìṣòro kan kún un. Láti Ìgólò, láti Ìlárá, páálí tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ń bá èyí tí wọ́n kọ ní Faransé pàdé lórí àtẹ kan náà, orúkọ ńlá orí páálí yàtọ̀, oògùn inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Obìnrin tí dókítà ní kó má lo Dépakine mọ́ lè ra Epilim láìmọ̀. Ẹ ka orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá, ìyẹn ni oògùn gan-an. Èyí tí wọ́n gé láti ara páálí, hóró márùn-ún nínú ọ̀rá, ẹ má rà á: kò sí orúkọ, kò sí ìwọ̀n, kò sí déètì. Ní ọdún 2017 ìjọba kó oògùn ní Adjégounlè ní Kútọnu, ṣùgbọ́n àtẹ orí kì í nílò ọjà. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé lè wo ojúlé CRAT ti Paris lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì kọ oògùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oṣù oyún tó kàn.

Ọ̀rọ̀ àgbo, mi ò bá àwọn àgbà wa jà. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ ní ewé tí kì í fún aboyún, òun náà sì máa ń béèrè. Èyí tí mo lòdì sí ni àgbo tí a rẹ sínú sodabi, nítorí a kò mọ ìwọ̀n ọtí kankan tí kò léwu fún ọpọlọ ọlẹ̀, àti èyí tí wọ́n lọ hóró oyìnbó sínú rẹ̀ láìsọ.

Bí obìnrin bá wá mọ̀ pé òun lóyún lẹ́yìn tó ti lo oògùn, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀, kó má sì sáré lọ ṣẹ́ ẹ. Kó kọ orúkọ kékeré oògùn náà sílẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn, àti ọjọ́ nǹkan oṣù ìkẹyìn. Kó mú páálí dání. Ẹni tó lò ó kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé lẹ́yìn tí oyún dúró, oògùn ọ̀hún sábà máa ń mú oyún bọ́ tàbí kó má ṣe nǹkan kan, àyàfi irú oògùn tó ń pẹ́ nínú ara. Échographie ní ọ̀sẹ̀ 11 sí 13 lè fi hàn pé apá méjì àti ẹsẹ̀ méjì wà; ti ọ̀sẹ̀ 22 ló ń fi gígùn egungun àti ọwọ́ hàn dáadáa. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ya á pé apá ni ẹ fẹ́ kó wò, nítorí ọ̀pọ̀ kì í ka ìka bí a kò bá bẹ̀ wọ́n. Bí ọmọ bá sì dé pẹ̀lú àléébù tí a fura pé oògùn ló fà á, kí ilé ìwòsàn fi tó ABMed létí, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Benin.

Lọ́jọ́ ìbí, ẹ ka ìka. Bí ìka kẹfà bá rọ̀ bí awọ lásán, ẹ má ṣe fi òwú so ó nílé: bí egungun bá wà nínú rẹ̀ tàbí tí ìdí rẹ̀ bá fẹ̀, á rà, á sì kó àrùn sí ọwọ́. Kí oníṣẹ́-abẹ yọ ọ́. Ọmọ tí kò ní apá tàbí ẹsẹ̀ kan, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ nílé. A lè fún un ní apá àtọwọ́dá nígbà tó bá ń jókòó, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá nígbà tó bá ń fà dìde.

Ẹsẹ̀ tó ká sínú, èyí tó ń dé bá bíi ọmọ kan nínú 1,000, ni a lè tún ṣe jù, ó sì dùn mí pé òun ni a ń fi sílẹ̀ jù. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Ponseti ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, wọ́n á fi ọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi plâtre, ìdì tó máa ń gbẹ le, dì í láti ìka títí dé itan, orúnkún á tẹ̀ ní igun 90. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, bíi márùn-ún sí mẹ́fà. Plâtre tó dé orúnkún nìkan máa ń yọ́ bọ́. Ẹ máa wo ìka ọmọ: bí ìka bá ń wọnú plâtre lọ, ó ti yọ́, ẹ gbé e padà lọ́jọ́ náà, bí ìka bá di aró tàbí tó tutù, ẹ má dúró de àárọ̀. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀pọ̀ ọmọ, wọ́n á gé iṣan gìgísẹ̀ pẹ̀lú abẹ kékeré, plâtre ìkẹyìn á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iṣan á sì tún ara rẹ̀ so ní gígùn tó tọ́.

Bàtà onírin ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́. Bàtà méjì ni, irin kan so wọ́n pọ̀ ní ìwọ̀n ìbú èjìká ọmọ. Ẹsẹ̀ tó ká tẹ́lẹ̀ á kọjú síta ní igun 70, èyí tó dára ní 40. Wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ní gbogbo oorun òru àti ti ọ̀sán títí ọmọ á fi pé ọdún mẹ́rin. Ẹsẹ̀ ti tọ́ lójú, ọmọ ń rìn, ìyá ọkọ á ní kí wọ́n bọ́ irin yẹn kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ òun. Bí wọ́n bá bọ́ ọ, ẹsẹ̀ á tún ká. Ẹkún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń lọ. Ẹ di okùn àárín le, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ẹ wò bóyá awọ gìgísẹ̀ ti ń bó. Bí gìgísẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí gòkè padà, tí kò kanlẹ̀ mọ́ nígbà tí ọmọ bá lóṣòó, ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ ẹni tó dì í. Plâtre méjì tàbí mẹ́ta sábà máa ń tó láti dá a padà.